Láti Ara Òjìjí dé Inú Ọpọlọ: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ̀ Pé Iná Mànàmáná Ń Jíṣẹ́

1. Ìfáàrà



Bí a bá dúró ní ojú ọ̀nà Opebi yìí ní àṣálẹ́, oríṣi iṣẹ́ méjì ni a ó rí tí iná mànàmáná ń ṣe. Èkíní ni iṣẹ́ agbára: ó ń yí ẹ̀rọ ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó tò láti Ìkejà títí dé ọ̀nà Agége, ó ń yí fáànù, ó sì ń mú kí omi tutù. Nígbà tí ó bá lọ, bí ó ti máa ń lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò gba àdúgbò kan. Iṣẹ́ kejì ni iṣẹ́ tí à ń rán ni. Ẹni tí ó wà ní Opebi tí ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní Ìṣẹ́yìn, iná mànàmáná ni ó sọ ohùn rẹ̀ di àmì kí ó tó lè rìn. Agbára kọ́ ni ìyá náà ń retí, ọ̀rọ̀ ni.

Iná wà nínú orí wa pẹ̀lú, ìyẹn kò sì jẹ́ tuntun sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ṣùgbọ́n èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni ó ń ṣe níbẹ̀? Gbogbo agbára tí odidi ọpọlọ ènìyàn ń lò kò ju nǹkan bí wáàtì 20 lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí gílóòbù 60 ń jẹ. Ó hàn gbangba pé kì í ṣe nítorí agbára ni iná fi wà nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ ni ó ń jẹ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ó pa ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn mi ni pé àmì àti ìtumọ̀ ni iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka wa, ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ sì ti ń lé kiri láti ọdún pípẹ́ kò yàtọ̀ sí tiwa: báwo ni ohun tí kò ní ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀? Mo fẹ́ fi hàn pé ìtumọ̀ kò sí nínú ìró kan ṣoṣo, pé inú ìyàtọ̀ àti ètò ni ó wà. Mo tún fẹ́ fi hàn pé ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í sá fún alárùn wárápá mọ́.

2. Àrokò àti wáyà abẹ́ òkun

Ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun tí ń gbé tẹligíráàmù so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1887, ọ̀gbẹ́ni G. W. Bloxam tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ Anthropological Institute ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣàlàyé àrokò tí àwọn ènìyàn wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Mo fẹ́ràn bí ọdún méjèèjì ṣe tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹ̀rọ ìránṣẹ́ àwọn òyìnbó ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté wa ni ìránṣẹ́ tiwa náà ń wọ ìwé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àrokò wò dáadáa. Owó ẹyọ mẹ́fà ni ẹ̀fà. Ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun. Owó ẹyọ mẹ́jọ ni ẹ̀jọ. Ó túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì jọ, ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Bí a bá so ẹyọ méjì kojú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí a bá so ẹyọ méjì kan náà kẹ̀yìn síra, ìjà dé. Ẹyọ owó náà kò yí padà. A kì í wá ẹyọ ńlá fún ọ̀rọ̀ ńlá tàbí ẹyọ kékeré fún ọ̀rọ̀ kékeré. Ohun mẹ́ta ni ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀: iye rẹ̀, bí a ṣe tò ó, àti ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní í mọ̀ pé ẹ̀fà lè fa ọkàn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi.

Ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn: iye, ètò, àti ibi tí iṣẹ́ ń lọ. A ó tún pàdé wọn nínú ọpọlọ.

3. Ọ̀pọ̀lọ́ àti òjìjí

Èdè wa ní eré kan tí inú mi máa ń dùn sí. Lẹ́tà kan náà ni a fi ń kọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò létí odò àti ọpọlọ tí ó wà nínú agbárí. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtàn tí mo ń sọ yìí náà gba ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Ní ọdún 1791 ni Luigi Galvani ti ìlú Bologna ní Ítálì tẹ ìwé jáde lórí àkèré, ìbátan ọ̀pọ̀lọ́, tí ó ti kú ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta nígbà tí iná bá kàn án. Galvani sọ pé iná wà nínú ẹran ara fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́, nítorí pé ìwọ̀nba iná inú àkèré kéré ju ohun tí ẹ̀rọ ìgbà náà lè wọ̀n dáadáa lọ.

Ẹran tí kò sí ẹni tí ó lè jiyàn iná tirẹ̀ wà nínú odò tiwa. Òjìjí ni. Apẹja tí ó bá fi ọwọ́ lásán mú òjìjí, apá rẹ̀ yóò kú tipiri, nítorí iná rẹ̀ lè tó nǹkan bí fóòtì 350, ó ju ti wáyà inú ilé wa lọ. Àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland tí wọ́n wà ní Calabar fi òjìjí ránṣẹ́ sí Edinburgh, ní 1855 ni Andrew Murray sì kọ̀wé nípa rẹ̀, tí ó sọ ọ́ ní Malapterurus beninensis, ní orúkọ ìhà etíkun wa. Ní 1857, díẹ̀ nínú àwọn ẹja náà dé Berlin láàyè, sí ọwọ́ Emil du Bois-Reymond, ẹni tí ó ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn ṣáájú pé iná ń yí padà nínú iṣan ìmọ̀lára nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1857 kan náà, Theodor Bilharz, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì, tẹ ìwé jáde lórí òjìjí odò Náílì. Ó rí i pé iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà ara tí ń ṣe iná ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹja náà. Bilharz yìí náà ni a fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn bilharzia tí ń mú kí ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀.

Èyí yẹ kí ó dá wa dúró díẹ̀. Nínú òjìjí, àṣẹ kan ṣoṣo, láti inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ni ó ń tú gbogbo agbára náà jáde. Ọ̀rọ̀ kan ni òjìjí mọ̀, ó sì ń pariwo rẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Ní àárín àkókò náà, ní 1850, Hermann von Helmholtz ti wọn ìyára iṣẹ́ nínú iṣan ìmọ̀lára àkèré. Ó rí i pé kò ju nǹkan bí mítà 27 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́, nítorí iná inú wáyà yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tí ń rìn nínú iṣan kì í ṣe iná tí ń ṣàn gbuurugbu bí ti wáyà. Ó jọ ìránṣẹ́ tí ń gba ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

4. Ìró kan náà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìránṣẹ́ yìí kì í ṣàn láìdúró. Ó ń wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kíá, ó sì ń lọ. Nítorí pé a máa ń sọ pé mànàmáná kọ, èmi yóò pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìkọmànà nínú àsọyé yìí.

Bí ìkọmànà ṣe ń wáyé ni Alan Hodgkin àti Andrew Huxley ṣàlàyé ní 1952, láti ara iṣan ńlá kan tí ó wà nínú ẹran òkun tí òyìnbó ń pè ní squid. Ẹ fojú inú wo awọ sẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí odi ìlú tí ó ní bodè púpọ̀. Sodium, tí ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa, pọ̀ lẹ́yìn odi. Potassium pọ̀ nínú ìlú. Nígbà tí ìró bá kan bodè, oníbodè á ṣí i, sodium á rọ́ wọlé, iná ibẹ̀ á yí padà lójijì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bodè náà á tì, potassium á jáde, nǹkan á padà sí bí ó ti wà. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ìró bodè kan ni ó ń jí èyí tí ó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe ń rìn. Bí ó bá dé òpin iṣan, kẹ́míkà ni ó máa ń bá a kọjá sọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ó kàn: òmíràn ń sọ pé, “Dìde,” òmíràn ń sọ pé, “Dákẹ́.”

Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀rọ̀ wà nínú èyí? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ti wá ṣáájú Hodgkin àti Huxley. Ní 1926, ní Cambridge, Edgar Adrian àti Yngve Zotterman gbọ́ ìró iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo láti ara ẹran àkèré. Wọ́n so ìwọ̀n mọ́ ẹran náà. Nígbà tí wọ́n fi kún ìwọ̀n, ìkọmànà kò tóbi sí i rárá. Ṣe ni ó pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹrù tí ó wúwo kò mú ẹyọ ńlá wá. Ó mú ẹyọ púpọ̀ wá. Òfin àrokò ni èyí gan-an. Adrian gba ẹ̀bùn Nobel ní 1932 pẹ̀lú Charles Sherrington.

Iye nìyẹn. Ibi tí iṣẹ́ ń lọ ni èkejì. Ìkọmànà tí ó ti ojú wá àti èyí tí ó ti etí wá kò yàtọ̀ síra; ọ̀nà tí ó gbà ni ó sọ ohun tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá di ojú tí ó sì rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú rẹ̀ yóò rí ìmọ́lẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí iná nínú yàrá. Ọwọ́ ni ó kàn án, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀nà ojú ni iṣẹ́ náà gbà, ìmọ́lẹ̀ ni ọpọlọ kà á sí. Ní 1971, John O’Keefe àti Jonathan Dostrovsky ní Lọ́ńdọ̀nù rí sẹ́ẹ̀lì nínú ọpọlọ eku tí kì í kọ mànà àfi bí eku náà bá dé ibì kan pàtó. Sẹ́ẹ̀lì kan dúró fún kọ̀rọ̀ yìí, òmíràn fún kọ̀rọ̀ ọ̀hún, bí ẹni pé eku gbé àwòrán ilé sínú orí. O’Keefe wà lára àwọn tí ó gba Nobel fún èyí ní 2014.

Ètò àti àkókò ni ẹ̀kẹta. Bí ẹnì kan bá pè wá láti ọwọ́ ọ̀tún, ohùn rẹ̀ ń dé etí ọ̀tún ṣáájú ti òsì, ìyàtọ̀ náà kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Síbẹ̀ ọpọlọ ń mọ̀ ọ́n, a sì ń kọjú sí ibi tí ó yẹ. Ẹ jẹ́ kí a rántí ìyáàlù. Awọ kan náà, ọ̀pá kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí onílù bá fún ọṣán tàbí tú u, tí ó yára tàbí dúró, ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò mọ̀ bóyá ọ̀pọ̀lọ́ ni ó pè tàbí ọpọlọ.

Odò wa tún fi ẹ̀rí mìíràn lélẹ̀. Ní 1951, Hans Lissmann ní Cambridge kéde ẹja Gymnarchus, tí ó wà ní odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a sì ń pa ní ọ̀sà Lekki pẹ̀lú. Ẹja yìí ń tú iná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde láti ìrù ní nǹkan bí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìdúró. Kò lè fi iná náà pa ohunkóhun. Ohun tí ó fi ń ṣe ni pé bí òkúta tàbí ẹja mìíràn bá wà nítòsí, iná tí ó yí i ká yóò yí padà díẹ̀, awọ ara rẹ̀ yóò sì mọ ìyàtọ̀ náà, kódà nínú omi dúdú. Ẹ fi í wé òjìjí. Òjìjí ní agbára. Gymnarchus ní ìròyìn. Ọ̀dọ̀ ẹja kejì yìí ni ọpọlọ wa sún mọ́ jù.

5. Ẹni tí ń gbọ́ ariwo ọjà láti ẹ̀yìn ògiri

Títí di ibí, iṣan kọ̀ọ̀kan ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì báyìí ni ó wà nínú ọpọlọ ènìyàn, a kò sì lè ṣí agbárí gbogbo ènìyàn láti tẹ́tí sí wọn. Richard Caton ti Liverpool ti rí iná lójú ọpọlọ ehoro àti ọ̀bọ ní 1875. Hans Berger, dókítà ọpọlọ ní Jena ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ kọ iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀, ní 1924. Ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929.

Ohun tí ó gbé Berger dé ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè rò. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé nínú iṣẹ́ ológun, ẹṣin gbé e ṣubú, díẹ̀ ni ó kù kí kẹ̀kẹ́ àgbá ìbọn tẹ̀ ẹ́ pa. Ní ọjọ́ náà gan-an ni tẹligíráàmù dé láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, nítorí pé àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin já pé nǹkan ṣe àbúrò òun. Berger gbà pé ọkàn òun ni ó ránṣẹ́, ó sì fi ọdún púpọ̀ wá ohun tí ó gbé iṣẹ́ náà. Kò rí ohun tí ó ń wá. Ohun tí ó rí ni ìgbì iná tí ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ènìyàn bá di ojú tí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Bí ẹni náà bá lajú tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ìgbì ńlá náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn ilé ìwòsàn ń pè ní EEG.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń gbọ́? Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ògiri ọjà kò lè gbọ́ iye tí ìyá eléwé-ọbẹ̀ pe ọjà rẹ̀. Ariwo “hùn-ùn” kan ṣoṣo ni yóò gbọ́, nítorí pé olúkúlùkù ń sọ tirẹ̀, ohùn wọn sì ń pa ara wọn mọ́lẹ̀. Ọjà tí ariwo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni ọjà tí ń tà. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́ yọ ní ọjà, tí gbogbo ènìyàn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri yóò gbọ́ ọ ketekete, yóò sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

6. Wárápá: nígbà tí gbogbo onílù lu ohun kan

Àkàwé yìí ni ó mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú mi ṣubú lulẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ wa kígbe pé kí a sá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹsẹ̀ kan ìfófòó náà. Gbogbo wa sá. Ó dá wà nílẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Kò padà wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Ìwé ìṣirò rẹ̀ wà nínú tábìlì títí sáà náà fi parí. Mo wà lára àwọn tí ó sá.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ náà? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí olúkúlùkù máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ mànà papọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, láìgba ara wọn láyè. Nígbà tí gbogbo onílù bá lu ohun kan náà ní àkókò kan náà, ariwo pọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Iná ọpọlọ kò tán nínú wárápá. Ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ni ó tán, ìyàtọ̀ sì ni ó ń gbé ìtumọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni náà kò fi mọ ibi tí ó wà, tí kò sì rántí nǹkan kan nígbà tí ó bá jí.

Oríṣi wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣubú rárá. Ọmọ náà á kàn wò suu fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, á sì padà sẹ́nu ohun tí ó ń ṣe. Ní 1935, ní Boston, Frederic Gibbs, Hallowell Davis àti William Lennox fi EEG hàn pé ìgbì ńlá mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń gba ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà. Mélòó nínú irú wọn ni a ti nà ní kíláàsì pé wọn kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́?

Ní ilẹ̀ wa, a kò ṣàìní àwọn tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Látúndé Òdékù (1927–1974) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní University College Hospital ní Ìbàdàn ní 1962. Akéwì ni pẹ̀lú, ó sì tẹ ìwé ewì Twilight: Out of the Night jáde ní 1964. Mo dárúkọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ da ewì àti ọpọlọ pọ̀. Káyọ̀dé Òṣúntòkun (1935–1995), ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ Ìgbò-Ọrà láti ilé dé ilé, wọ́n ṣe ìwádìí lórí ènìyàn bí 19,000. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1987, wárápá mú ènìyàn márùn-ún ó lé díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní ọmọ ẹgbẹ̀rún kan kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìfófòó wárápá kì í ran ènìyàn. Itọ́ lásán ni, tí aláìsàn kò rí gbé mì. Ìpalára ní àkókò ìbí, àrùn tí ó wọ ọpọlọ lọ́mọdé, àti ìfarapa orí nínú ìjàǹbá ọkọ̀ wà lára ohun tí ń fà á. Kí a má ṣe ti ṣíbí tàbí ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí a má ṣe fi iná jó o lẹ́sẹ̀. Kí a kó ohun líle kúrò nítòsí, kí a fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì dúró tì í. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Láti 1912 ni a ti ń lo oògùn phenobarbital fún un, oògùn tí kò sì wọ́n ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá tọ́jú wọn bí ó ti yẹ, nínú ọgọ́rùn-ún alárùn wárápá, ó lè tó 70 tí gìrì náà kò ní í ṣe mọ́.

7. Ìkádìí

Ìtàn yìí gba ọ̀dọ̀ àkèré Bologna àti òjìjí Calabar, ó ya ọ̀sà Lekki, ó sì kọjá ní Ìgbò-Ọrà. A kò tíì parí ìwé atúmọ̀ èdè ọpọlọ. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni a mọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gírámà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó ti fi owó ẹyọ àti ìlù sọ̀rọ̀ rí: iye, ètò, àti ibi tí iṣẹ́ ń lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Iṣẹ́ tí mo rò pé ẹ̀kọ́ yìí rán wa kò le. Bí ọmọ kan bá ṣubú ní ojú ọ̀nà Opebi lọ́la, tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní Ìkejà, kí ẹnì kan nínú wa kúnlẹ̀ tì í, kí ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn onílù inú orí rẹ̀ yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí lu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó bá lajú, ojú ènìyàn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí.